Bí A Ṣe Ń Wá Ìyípo Ẹ́ńjìnnì àti Jíà Tó Yẹ Alùpùpù Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀nà tó lọ láti Kétu sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, tó gba Ìpóbẹ àti Sakẹ́tẹ kọjá, tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tó bá ń fi alùpùpù kékeré rìn ín, tó ti wọ jíà tó ga jù, tí ọ̀nà sì là gbọnrangandan níwájú rẹ̀, kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó dára kí ẹ́ńjìnnì máa ké báyìí fún odidi wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago eré ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò láti fi dáhùn ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ aago eré kò mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Alùpùpù méjì lè jọ máa sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan máa yí ní ìgbà 5,300 ní ìṣẹ́jú kan, kí ti èkejì sì ti kọjá 6,000. Irin eléyín méjì tí ṣéènì rọ̀ mọ́ ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà: kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì wa tó gba iṣẹ́ lẹ́nu Faransé ń pè ní pínyọ́ọ̀n, àti ńlá tó wà lára táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní kúrọ́ọ̀n. Orúkọ méjèèjì yìí ni n ó máa lò, nítorí òun ni ẹ ó fi bèèrè wọn lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹ́ńjìnnì ná. Nínú Honda CG125, èyí tí ọ̀pọ̀ alùpùpù Ṣáínà tó wà lójú pópó fi ṣe àwòkọ́ṣe, písítìnì a máa rin mìlímítà 49.5 lọ sókè, a sì rin iye kan náà padà sísàlẹ̀, nígbàkígbà tí kiráńkì, ìyẹn irin tí písítìnì ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí kiráńkì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, 100 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Písítìnì ti dúró pátápátá ní ìgbà 200, ó sì ti tún gbéra ní ìgbà 200, kí ẹ tó pe orúkọ ara yín tán. Dídúró àti gbígbéra yìí ló ń na ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kiráńkì, kì í sì í ṣe ìwọ̀n tí ìyípo fi ń pọ̀ ni ìnira náà fi ń pọ̀. Bí ẹ bá gbé ìyípo láti 6,000 lọ sí 8,000, ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ fi kún un, àmọ́ ohun tó ń fa ọ̀pá náà ti fi nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 pọ̀ sí i. Ooru ń pọ̀ sí i, ọ́ìlì náà sì ń jóná.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí rò pé ìyípo kékeré ni ìsinmi ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó wọ jíà karùn-ún nígbà tí eré ṣì wà ní 35, tó gbé ẹrù sẹ́yìn, tó wá yí ọwọ́ iná (èyí tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo) dé òpin, ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì lọ́nà mìíràn. Iná ń jó lórí písítìnì tí kò yára sá fún un. Pọ́ǹpù ọ́ìlì, tí kiráńkì fúnra rẹ̀ ń yí, ń yí jẹ́jẹ́. Bí epo kò bá sì dára, ẹ ó máa gbọ́ ìró kàn-kàn-kàn bí ẹni ń fi ìṣó kan agolo. Epo inú ìgò tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà kì í fìgbà gbogbo rí bákan náà, nítorí náà ìró yìí kì í ṣe ohun àjèjì létí wa. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì tí èyí bà jẹ́ kò kéré rárá, ṣùgbọ́n nítorí pé kì í pariwo bí ti ìyípo púpọ̀, àwọn ènìyàn kì í kà á sí.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù wa kò ní aago ìyípo. Ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́, nítorí a lè wọ̀n ọ́n nílé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, tépù aránṣọ, àti ọ̀rẹ́ kan tí kì í kánjú.

Àyíká táyà ẹ̀yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tó bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ rìnrìn àjò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara táyà níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, kí ẹ sì sàmì sí ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹni tó máa gùn ún jókòó lé e, nítorí ìwúwo ènìyàn a máa tẹ táyà mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀rẹ́ náà wá tì í lọ síwájú tààrà títí àmì ara táyà yóò fi tún kanlẹ̀. Tépù aránṣọ kì í sábà ju 150 sẹ̀ńtímítà lọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó nà án sílẹ̀. Tèmi jẹ́ mítà 1.85.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé alùpùpù náà sórí ìdúró àárín kí táyà ẹ̀yìn lè kúrò nílẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì tú plọ́ọ̀gì jáde, kí písítìnì má baà máa bá yín jà bí ẹ ti ń yí i. Lápá òsì ẹ́ńjìnnì, ní àárín ìdérí ńlá, ìdérí roboto kan sábà máa ń wà tí a lè fi owó onírin tàbí sirudíráfà fífẹ̀ ṣí. Nọ́ọ̀tì orí kiráńkì ni ẹ ó rí nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun tó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wọ jíà tó ga jù, ìyẹn fìtẹ́ẹ̀sì tó kẹ́yìn; bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ máa mi táyà síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́, yóò wọlé. Ẹ wá di táyà mú, kì í ṣe ṣéènì o, nítorí ìka tó bá há sáàárín ṣéènì àti kúrọ́ọ̀n kì í jáde bó ṣe wọlé. Ẹ yí táyà síwájú ní ìgbà 5 gééré, kí ọ̀rẹ́ yín sì máa ka iye ìgbà tí àmì funfun náà ń yípo. Nígbà tí a ṣe tèmi, tí pínyọ́ọ̀n rẹ̀ ní eyín 14 tí kúrọ́ọ̀n sì ní 42, 56 ni a kà. Tí a bá pín 56 sọ́nà 5, a ó rí 11.2, èyí ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣirò tó kù rọrùn, nítorí pé eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan jẹ́ 1,000 mítà ní ìṣẹ́jú kan, kò lé, kò dín. Tí a bá pín 1,000 sí ọ̀nà 1.85, táyà yóò yí ní ìgbà 540. Tí a bá sọ 540 di ìlọ́po 11.2, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí 6,050. Fún 80, a ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, yóò sì di nǹkan bí 8,070. Ìgbà tí mo rí iye yìí ni mo tó mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi máa ń jẹ tìn-ìn-tìn-ìn nígbà tí mo bá dé Sakẹ́tẹ.

Èwo wá ni iye tó yẹ? Ìwé tó bá alùpùpù wá a máa sọ iye ìyípo tí agbára ẹ́ńjìnnì fi ń pọ̀ jù lọ. Nínú tèmi, 8,500 ni. Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni pé ìyípo tí a ó fi rin ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye náà lọ, kò sì yẹ kó rẹlẹ̀ ju ìlàjì rẹ̀. Òkè rẹ̀ jẹ́ 6,375, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4,250. Pẹ̀lú pínyọ́ọ̀n eléyín 14, mo ti kan òkè yìí ní eré 63. Pẹ̀lú eléyín 15, 60 di 5,650, mo sì lè sá dé 67 kí n tó kan òkè. Eléyín 16 yóò gbé e dé 72. Lórí ìwé nìyẹn o.

Ohun tí ìwé kò sọ ni afẹ́fẹ́. Láti 60 dé 80, ìdènà afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, agbára tí a nílò láti fi là á kọjá sì ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní agbára yẹn ní ìyípo kékeré, nítorí náà pínyọ́ọ̀n tó tóbi jù kò fi eré kún eré. Ńṣe ló ń gbé ẹ́ńjìnnì kúrò níbi tí agbára rẹ̀ wà. Mo san owó kí n tó mọ èyí. Mo bẹ mẹkáníìkì kan kó bá mi fi eléyín 15 sí i, ó ní òun kò ní in, ó fi 17 sí i, ó ní kí n lọ wò bí yóò ṣe máa fò. Lóòótọ́ ló fò, títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, tí mo wá ń gun òkè padà bọ̀ ní Kétu pẹ̀lú àpò gààrí méjì lẹ́yìn mi. Jíà karùn-ún kò fà á, ìkẹrin kò fà á. Jíà kẹta ni mo fi gun òkè náà, ẹ́ńjìnnì ń ké, òórùn kilọ́ọ̀ṣì tó ń jóná sì ń bá mi lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ wá eléyín 15 fúnra mi.

Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà pé ó tọ́. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ní àárọ̀ kùtùkùtù tí afẹ́fẹ́ kò tíì gbéra, ẹ gbé irú ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé, kí ẹ sì dúró sí eré tí ẹ fẹ́ máa fi rìn nínú jíà tó ga jù. Bí ọwọ́ iná bá wà ní nǹkan bí ìdajì, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i tán, ẹ padà sí jíà kan nísàlẹ̀ láìfi iná kún un. Bí alùpùpù bá yára sí i, pínyọ́ọ̀n yín ti tóbi ju ẹ́ńjìnnì yín lọ. Fún ẹni tó ń gbé èrò tàbí àpò àgbàdo lójoojúmọ́, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i ni kó fi sílẹ̀, kó sì dín eré kù. Ẹni tó ń dá rìn ni 15 wà fún.

Eyín kan níwájú tó nǹkan bí eyín mẹ́ta lẹ́yìn, pínyọ́ọ̀n kò sì wọ́n tó kúrọ́ọ̀n, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹ rí i pé ṣéènì oníwọ̀n 428 ni wọ́n gé e fún, bó bá jẹ́ òun ni alùpùpù yín ń lò. Ẹ yí i lọ́wọ́ kí ẹ tó dé ìdérí padà, kó má baà jẹ́ pé ó ń ha ara ìdérí. Eyín kan tó lé yóò fa táyà ẹ̀yìn síwájú ní nǹkan bí mìlímítà 3, nítorí náà ẹ ó tún ṣéènì dẹ̀: kí àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ lè máa fì sókè sódò ní mìlímítà 20 sí 30. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́rin bí ẹ ṣe ń yí táyà, nítorí ṣéènì tó ti pẹ́ kì í nà dọ́gba, ojú tó le jù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ṣéènì náà bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ òun àti irin méjèèjì pọ̀. Aago eré tí wáyà rẹ̀ ti ara táyà iwájú wá kò ní yí padà. Èyí tó ń gba ìròyìn láti inú ẹ́ńjìnnì yóò máa fi iye tí kò tọ́ hàn.

Lójú ọ̀nà, ẹ má dúró kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n kí ẹ tó padà sí jíà kẹrin. Mo máa ń padà sí i níbi tí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí eré ṣì wà ní 55, kí ìyípo lè ti ga kí ìnira tó dé. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ yóò rò pé alùpùpù òun ti lágbára sí i, ẹni tó sì ń bọ̀ ní Kétu yóò fẹ́ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ẹ fi eré 5 sí 10 sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí yín.

Mo máa ń dúró ní Ìpóbẹ láti wo ọ́ìlì, nítorí ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí lítà kan lọ kò ní èyí tó lè fi ṣòfò. Ẹ gbé alùpùpù náà dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ẹ nù ún. Nínú irú ẹ́ńjìnnì Honda yìí, ẹ kàn tì í bọ ihò ni láìyí i mọ́ ọn, kí ẹ tún fà á yọ, kí ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé.