Bí A Ṣe Fòpin sí Sísọ̀kò Ọ̀rọ̀ ní Wọ́ọ̀dù Wa

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ gẹ́gẹ́ bí mátírọ̀nì sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì fi rán mi: kí n wá nǹkan ṣe sí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń jà níbẹ̀, ariwo kò sì pọ̀. Òṣé ló pọ̀, àti yíyínmú, àti òwe tí wọ́n ń pa mọ́ ènìyàn, àti kí a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láàárọ̀, bí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, ẹnìkan á kọjú sí ògiri, á ní, "Àwọn kan kò mọ̀ ju kí oṣù parí lọ." Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀, nítorí náà kò lè fèsì. Bó bá sì fèsì, wọn á ní ta ló pe orúkọ rẹ̀, ṣé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú ni? Lójú tèmi, ibi tí ìṣòro wọ́ọ̀dù náà wà gan-an nìyẹn: wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sí etí ẹni tó kàn, wọn kì í sọ ọ́ sí ojú rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ lásán ni, pé kí kálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nílé ìwòsàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ní oṣù Keje ọdún 2008, Joint Commission, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ síta lórí àwọn ìwà tó ń ba ààbò aláìsàn jẹ́, wọn kò sì dúró lórí ariwo àti ìhàlẹ̀ nìkan. Wọ́n ka kíkọ̀ láti dáhùn ìbéèrè mọ́ ọn, àti kíkọ̀ láti pe ẹni tó pe ni lórí fóònù padà, àti fífi ohùn ẹ̀gàn báni sọ̀rọ̀. Wọ́ọ̀dù tiwa ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ kí n tó débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru fẹ́ gún bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní abẹ́rẹ́ insulin, èyí tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì rí i pé bàbá náà kò fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè nǹkan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èsì tí wọ́n fún un níwájú àwọn aláìsàn ni, "Ṣé ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ kò kọ́ yín ní èyí ni?" Ó pa ẹnu mọ́, ó sì gún abẹ́rẹ́ náà bí ìwé ṣe wí. Ọmọ bàbá náà tó sùn tì í ló figbe ta nígbà tí bàbá rẹ̀ ń làágùn, tó sì ń gbọ̀n. Wọ́n tètè fún un ní ṣúgà, orí sì kó o yọ. Nínú ìwé ìjábọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí tí ẹni tó gún abẹ́rẹ́ kò fi lè béèrè ìbéèrè kò sí nínú ìwé náà.

N kò pe ìpàdé. Mo ti rí ìpàdé tó pọ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí ọ̀gá á ti ní kí gbogbo wa máa bọ̀wọ̀ fún ara wa, tí gbogbo wa á ṣe àmín, tí a ó sì tún máa yínmú síra wa bí a bá ṣe ń jáde. Ìwé kékeré kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ òkò tí mo bá gbọ́ sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wádìí ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà, tí mo sì máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹjọ́ gidi ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. "Àwọn kan kò mọ̀ ju kí oṣù parí lọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ trọ́lì abẹ́rẹ́: àwọn tó ń lọ kì í kó sírínjì tuntun sí i, àwọn tó dé á sì máa sáré kiri nígbà tí aláìsàn ń dúró de oògùn. "Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní" jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ nídìí tábìlì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kò ní ẹjọ́ kankan lábẹ́, tó jẹ́ ẹ̀gàn pọ́ńbélé. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé oògùn tiwọn yàtọ̀.

Ọ̀dọ̀ àgbà ni mo kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, Màmá ni gbogbo wa ń pè é, ó sì mọ iṣẹ́ ju èmi lọ. Bí òun bá pòṣé, àwọn yòókù á pòṣé. N kò ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì, nítorí pé ọmọdé kì í jókòó sórí àga kó máa pe àgbà wá síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán ni mo lọ bá a níbi tó ti ń pààrọ̀ bàtà, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì fi ìwé náà hàn án. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo sọ èyí." Ó tún kà á lọ, ó ní, "Èyí náà, èmi ni." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Mátírọ̀nì, ṣé ẹ wá fẹ́ kí n máa bẹ ọmọ tí mo lè bí kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ ohun tó kù fún un, kó bàa lè wá béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú."

Ó sọ fún mi bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe sọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́, tó sì ní kó kúnlẹ̀ ṣà á. "A kú ni? A kò kú." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé ó le jù lọ láti ṣẹ́ nínú iṣẹ́ wa, nítorí pé òótọ́ ni wọn kò kú, wọ́n sì mọ iṣẹ́ dáadáa. N kò bá a jiyàn. Mo bi í léèrè pé lọ́wọ́ ta ló máa ń béèrè nǹkan nígbà náà tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Ó ronú, ó ní olùkọ́ mìíràn ni, èyí tí kì í bú ènìyàn. Ibẹ̀ la fi í sí lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó gba àkókò jù ni títún gbólóhùn ṣe, mo sì gbádùn rẹ̀. Ìwé ìjábọ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó wà ní kíkọ, a sì lè tọ́ka sí i. Ẹnìkan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo bá dírípù tó ti dá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn." A yọ "gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn" kúrò, nítorí pé ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìjábọ̀, a sì fi ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fojú rí rọ́pò rẹ̀: "Ní aago méje àárọ̀, dírípù kò ṣàn mọ́, ibi tí kánúlà wà ti wú. Mo yọ ọ́, mo sì fi òmíràn sí ọwọ́ òsì." Ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tó yẹ kó wò lórí aláìsàn. Ti àtẹnusọ ni a wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Dípò kí ẹnìkan máa bá ògiri sọ̀rọ̀ nípa oṣù tó ń parí, ohun tí a fi kọ́ra ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, sírínjì ti tán lórí trọ́lì, mo sì ní abẹ́rẹ́ láti gún ní aago mẹ́wàá. Kí ẹ tó lọ, ẹ bá mi kó díẹ̀ sí i." Orúkọ wà nínú rẹ̀ tàbí ipò, ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí a ń tọrọ sì wà níbẹ̀. Fún gbígba iṣẹ́ àti pípe dókítà, a mú ìlànà SBAR, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò nínú ọkọ̀ abẹ́ omi kí ilé ìwòsàn Kaiser Permanente tó mú un wọ iṣẹ́ ìṣègùn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ohun tí mo ń béèrè. Ẹ̀gàn kò ní ipò kankan tó lè jókòó sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn kan bẹ̀rù pé mo fẹ́ gba òwe lẹ́nu wọn. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì wù mí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹni tó bá pa òwe gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni tó ń pa á fún, kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e. Òwe tó pọ̀ ló kú sí ọ̀nà ọ̀fun lọ́sẹ̀ yẹn.

WhatsApp le ju ẹnu lọ. Lórí gúrúùpù wọ́ọ̀dù, a fi òfin sí i pé ìlànà iṣẹ́ àti ìkéde nìkan ni kó wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí onítọ̀hún nìkan, àti pé kò sí "àwọn kan" mọ́. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n gbá àwòrán ojú (emoji) mú. Ènìyàn lè fi àwòrán ojú kan ṣoṣo tó ń wo òkè bú odidi wọ́ọ̀dù, kó sì ní òun kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí a fi òfin náà kan àwọn àwòrán pẹ̀lú. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró.

Ní ti àwọn kékeré, wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni kí àwọn dákẹ́. Mo kọ́ wọn ní gbólóhùn tí wọ́n lè sọ fún àgbà láì rí i fín: "Mo gbọ́ ìbáwí náà, mà, mo sì máa tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá mi sọ ọ́." Nínú yàrá ìsinmi, ọ̀kan á ṣe àgbà, èkejì á ṣe ọmọ. Ẹni tó ṣe àgbà ló máa ń mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Àwọn tó sì ń gbálẹ̀ ni gbogbo wọn gbàgbé pátápátá; àwọn kékeré tó ń sunkún pé wọ́n ń fi àwọn wọ́lẹ̀ pàápàá gbàgbé wọn. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ju ọ̀pọ̀ wa lọ lọ́jọ́ orí, "ìwọ klínà" ni wọ́n ń pè é. Mo bi í lójú gbogbo wọn pé kí ni ká máa pè é. Ó ní, "Ìyá Ìbejì." Wọn kò mọ̀ pé ó bí ìbejì.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo yà sọ́tọ̀ ni mo fi kádìí rẹ̀. Ẹnìkan wà tí kò sí ẹjọ́ kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí pípè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì yí i padà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tó ohun tí a ń fi ìwé ṣe, mo fi Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, hàn wọ́n, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní ọdún 2019, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ó ka ìwà tí kò bójú mu tó lè pa ọkàn òṣìṣẹ́ lára mọ́ ìwà ipá níbi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Kò pẹ́ ló ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọ́n sì gbé e.

Màmá ṣì ń pòṣé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òṣé náà, ó máa ń pe ẹni tó kàn ní orúkọ, á sì bá a lọ sídìí ibùsùn. Àwọn kékeré ń pè é lórí fóònù lóru, nígbà mìíràn lórí ohun tí kò tó nǹkan, ó sì ń ráhùn sí mi pé mo kó ọmọ lé òun lórí. Ti àwọn dókítà ni kò tíì yanjú. Wọ́n gba SBAR lórí fóònù nítorí pé ó ń dín àkókò wọn kù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yẹ aláìsàn wò láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè níwájú aláìsàn ṣì wà bó ṣe wà. Ọ̀gá wọn ni yóò bá wọn sọ ọ́, mo sì ti kọ̀wé sí i.