Bí èèpo ìwé ìròyìn orin mi ṣe bọ́ nínú bàìbàì

Lójú kọ̀ǹpútà, èèpo iwájú ìwé ìròyìn orin tí mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ń dán gbinrin. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni ojú tì mí: ojú olórin rí bàìbàì, àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lẹ́yìn rẹ̀ sì ti ṣá.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo pààrọ̀ bébà, mo pààrọ̀ tàdáwà, pàbó ló já sí. Àṣé fọ́tò ni! Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju píksẹ́lì (àwọn àmì tíńtìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 800 lọ, bẹ́ẹ̀ bébà A4 ń fẹ́ 2480 ní fífẹ̀ àti 3508 ní gígùn kí ó tó pé píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan. Mo lọ gba ògidì rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó yà á. Èyí tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni mo ti ń fà gbọọrọ.

Ti àwọ̀, mo yí fáìlì láti RGB (ètò àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) sí CMYK (ètò àwọ̀ tàdáwà ìtẹ̀wé). Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, tàdáwà kò lè tàn tó bẹ́ẹ̀. Mo fi àwọ̀ ìyeyè rọ́pò ewé.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, oríṣi lẹ́tà yín ti pọ̀ jù.” Márùn-ún ni. Mo dín in kù sí méjì.