Ìwé tí òbí máa wá l'Abẹ́òkúta bí ọmọ bá fẹ́ sọ físà ìwé-kíkà rẹ̀ dọ̀tun n'Ílùú Ọba

Lóòótọ́, ọmọ ló ń kọ ìbéèrè, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń kọ ọ́. Àmọ́ ìwé tó sábà máa ń dá a dúró, ọwọ́ òbí ló wà nílé: sítétímẹ́ǹtì báǹkì, ìwé ẹ̀rí ìbí àti lẹ́tà òbí. Bí ọjọ́ tàbí orúkọ kan kò bá bára mu lórí wọn, ọ́fíìsì físà lè má fọwọ́ sí ìbéèrè ọmọ tó mọ̀wé dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: o ti pé ọdún kan níbẹ̀?
Bí ọmọ bá ti lo oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tó fẹ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́, òfin kò ní kó fi ìwé owó hàn mọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí òbí tó ń yá owó èlé kiri nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ẹni tí ọ̀rọ̀ owó kàn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ẹni tó lọ ṣe ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án, tó wá fẹ́ wọ yunifásítì.

Ẹ ṣírò owó láti ara CAS
Ilé ìwé ló ń fún ọmọ ní nọ́ńbà CAS, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á sí ẹ̀kọ́ tuntun náà. Owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù láti san máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹ fi owó ìgbọ́bùkátà oṣooṣù tí ìjọba là sílẹ̀ kún un, kò ní ju ti oṣù 9 lọ. Ti London ju ti àwọn ìlú yòókù lọ. Orí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Ílùú Ọba, ni kẹ́ ẹ ti wo iye rẹ̀, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí owó náà jókòó
Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Gbogbo owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá dín fún ọjọ́ kan péré, kíkà náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí ọjọ́ 28 náà parí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sẹ́yìn nígbà tí ọmọ bá fi ìbéèrè ránṣẹ́.

Ẹ wo ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Owó ń wọlé, ó ń jáde, torí aláró àti oníbàárà kì í dúró de físà. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí owó inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ lọ́tọ̀ lórúkọ ara yín, ẹ kó owó náà sí i, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó lé díẹ̀ sí iye tí wọ́n ń béèrè, torí iye tí náírà jẹ́ lórí OANDA, ìkànnì tó ń sọ iye pàṣípààrọ̀ owó, lọ́jọ́ ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Owó àjọ tó wà lọ́wọ́ alájọ kò wúlò níbí, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ìdókòwò àti owó ìfẹ̀yìntì. Owó ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò bàbá náà kò ṣeé lò láti inú àkáǹtì tiwọn. Ti ọmọ fúnra rẹ̀, ti òbí, ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ tàbí ti ọkọ tàbí aya ọmọ náà ni wọ́n ń gbà. Bí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó san owó náà sí àkáǹtì ọmọ tàbí tiyín, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28 láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti pé.

Orúkọ
Ìwé ẹ̀rí ìbí ló máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ bí i. Bí kò bá sí, Àjọ NPC, ìyẹn àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà, ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín, ì báà jẹ́ Àríwá tàbí Gúúsù Abẹ́òkúta. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé tó ti sọ Ògún di Olú nínú orúkọ wọn kò níye. Bàbá lè jẹ́ Ògúnbíyìí ní báǹkì, kó jẹ́ Olúbíyìí lórí ìwé ìbí ọmọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń yẹ ìwé wò lókè òkun kò mọ ìtàn ìdílé yín. Ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ọmọ fi ìwé ìbúra náà kún ìwé rẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Lẹ́tà òbí
Kò ní gùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì la sì ń fi kọ ọ́: ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ sí ọmọ, àti pé ẹ yọ̀ǹda kó lo owó náà. Ẹni tó ni àkáǹtì ni kó fọwọ́ sí i, kó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ohun tí ọmọ máa ṣe níbẹ̀
Kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí físà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó parí, kó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí físà àtijọ́ bá parí. Bí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ti fẹ́ kú, Northumberland Avenue ní London, lọ́dọ̀ àwọn aṣojú Nàìjíríà, ni kó tètè gbà lọ.

Bó bá ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ lásìkò, físà àtijọ́ ṣì ń gbé e ró títí wọ́n á fi dá a lóhùn, èyí tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é wálé lásìkò yìí, ì báà jẹ́ fún ọdún Lísàbí tàbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá jáde kúrò n'Ílùú Ọba, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìbéèrè rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá gbà fún un, kó má retí káàdì kankan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà báyìí. Kó wọlé síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó yẹ orúkọ àti ọjọ́ tí yóò parí wò, kó sì kọ̀wé sí wọn kíá bí àṣìṣe bá wà.