Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá tọ́ wáìnì pupa wò ní Ọ̀fà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nípa ìgò Burgundy mẹ́rin (wáìnì láti agbègbè Burgundy nílẹ̀ Faransé) tá a fẹ́ ṣí ní Sátidé, ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹni tó bá ní ká má gbé wáìnì pupa sí fíríìjì kò mọ ooru Ọ̀fà. Ẹ gbé e síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan ààbọ̀, títí á fi tutù níwọ̀nba, bíi 15°C. Tó bá gbóná, òórùn ọtí nìkan ni imú máa gbọ́.

Èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní Pinot Noir ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ kì í ki. Ẹ má pè é ní wáìnì tí wọ́n bomi là o!

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ilẹ̀ àti ọdún tí wọ́n kórè àjàrà ló máa fa ìyàtọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọ́n kọ Bourgogne (Burgundy lédè Faransé) lásán sí, kẹ́ ẹ tó mu ti abúlé Volnay, lẹ́yìn náà ti abúlé Pommard, kí Premier Cru, èyí tó wá láti oko tí ipò rẹ̀ ga, kẹ́yìn. Volnay sábà máa ń rọ̀ lẹ́nu. Pommard a máa fún ẹnu pọ̀ bí obì tútù. Kí ẹni tó ń bu ọtí fi bébà wé ìgò, torí owó ọjà máa ń tan ahọ́n jẹ.

Búrẹ́dì àti omi ti tó. Súyà di ẹ̀yìn, ata ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan. Ẹni tó máa wakọ̀ padà sí Ìlọrin, kó máa tu tiẹ̀ sí garawa.