Bí Mo Ṣe Gbé Ìbejì Tí Oṣù Wọn Kò Pé Sí Àyà

Ní ọ̀sẹ̀ 32 oyún ni ìyàwó mi bí ìbejì wa ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́, nígbà tí ó yẹ kí ó ṣì ku bí oṣù méjì. Kò sí èyí tí ó wọn kìlógíráàmù 2 nínú wọn. Iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé lé mi lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé: gbígbé ọmọ sí àyà, kí ara kan ara, èyí tí wọ́n ń pè ní Kangaroo. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin rò pé iṣẹ́ ìyá nìkan ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá jẹ́ méjì, baba gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀wù.

IVF ni a fi rí oyún náà. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí a fi wá ọmọ, a lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti mú ẹyin ìyàwó mi àti àtọ̀ mi pàdé níta ara, tí wọ́n sì gbé ọlẹ̀ méjì sínú ilé ọmọ. Méjèèjì ló dúró. Inú wa dùn gidigidi, nítorí kò sí Yorùbá tí kò mọ iyì ìbejì. Síbẹ̀, dókítà ti sọ fún wa pé ilé ọmọ tí ó gbé méjì máa ń tètè fẹ̀, ìrọbí sì máa ń yá, débi pé ó ju ìdajì ìbejì lọ tí a ń bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé. Èmi gbà pé kí tọkọtaya tó fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n jókòó ti dókítà lórí iye ọlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé sínú, kí wọ́n sì béèrè bóyá ọ̀kan ṣoṣo yóò tó. Nígbà tí ìrọbí tiwa yọjú, abẹ́rẹ́ dexamethasone ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìyàwó mi, kí ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ lè tètè gbó.

Inú àpótí gíláàsì tí ń mú ọmọ móoru ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí ó yá, nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí, ó ní, “Bàbá ìbejì, ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga yẹn.” Mo ti wẹ̀, n kò sì fi lọ́fíńdà kankan kan ara. Ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lára Kẹ́hìndé. Nọ́ọ̀sì gbé e lé mi láyà ní ìnàró, ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, nítorí pé bí àgbọ̀n bá tẹ̀ mọ́ àyà ọmọ, ọ̀nà èémí rẹ̀ lè dí. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀já fífẹ̀ tí màmá ìyàwó mi rà ní Ọjà Ọba yí àwa méjèèjì pọ̀: etí òkè ọ̀já dé abẹ́ etí ọmọ, ibi tí ó le jù sì wà ní àyà rẹ̀, kì í ṣe ní ikùn, kí ikùn lè ráyè wú kí ó sì sọ̀ bí ó ti ń mí. Ó ní kí n dìde dúró kí òun lè mọ̀ bóyá ọmọ yóò yọ̀ bọ́. Kò yọ̀. Ó fúyẹ́ débi pé èémí rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Èémí yẹn gan-an ni mo ń ṣọ́. Apá ọpọlọ tí ń darí mímí kò tíì gbó nínú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, nítorí náà ó lè dáwọ́ mímí dúró lójijì. Wọ́n kọ́ mi pé bí ó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20, tàbí tí ètè rẹ̀ bá ṣú, kí n ra á lẹ́yìn, kí n sì ké sí nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn kan rò pé ọgbọ́n tálákà ni Kangaroo, bóyá nítorí pé àìtó àpótí gíláàsì ló mú kí Dókítà Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Colombia, ní 1978. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú Ghana, India, Malawi àti Tanzania. Wọ́n gbé àwọn ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 1 sí bíi 1.8 sí àyà láìdúró kí ara wọn balẹ̀ ná, nínú wọ́ọ̀dù tí ìyá àti ọmọ jọ ń gbé. Nínú àwọn wọ̀nyí, 12 nínú 100 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú lọ́tọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àyà fún wákàtí 8 ó kéré tán lójúmọ́, àní títí dé wákàtí 24.

Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Bí Táíwò bá wà láyà ìyá rẹ̀, Kẹ́hìndé á wà láyà mi, a ó sì pààrọ̀ wọn lẹ́yìn náà. Bí ìyàwó mi bá fẹ́ fún ọmú, màmá rẹ̀ ló ń gba ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sí àyà tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní ti oúnjẹ, ọmọ ọ̀sẹ̀ 32 kò tíì mọ bí a ti ń fa ọmú, kí ó gbé e mì, kí ó sì tún mí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gba imú rẹ̀ dé inú ikùn ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, ìyàwó mi á fi àtàǹpàkò sí òkè ibi dúdú ọmú, á fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á tì í sẹ́yìn sí ìhà àyà, á sì rọra fún un. Èyí tí ó kọ́kọ́ yọ pọ́n, ó ki, ó sì kéré, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Síríńjì ni nọ́ọ̀sì fi ń fà á. Èmi ni mo ń se ife nínú omi gbígbóná, tí mo sì ń kọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀. Nígbà tí a yọ ọ̀pá, ife kékeré ni a ń gbé kan ètè ìsàlẹ̀ wọn kí wọ́n máa fi ahọ́n lá a fúnra wọn, nítorí bí a bá dà á sí wọn lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ lọ ilé, a ń bá a lọ. Lóru, mo ń fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́yìn kí n má bàa sùn gbalaja. A dín àlejò kù, ẹni tí ó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́. Màmá ìyàwó mi kó gbogbo káfúrà jáde kúrò nínú àpótí aṣọ, nítorí pé ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn jẹ́ débi tí ojú àti ara rẹ̀ á fi pọ́n, tí ewu ńlá á sì dé bá ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ kọjá kìlógíráàmù 2.5, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, wọ́n ń ta ọ̀já nípàá, nọ́ọ̀sì sì ní iṣẹ́ àyà ti parí nìyẹn.

Ohun tí ó kù ni títẹ̀lé wọn. A gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn ẹyinjú, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í tíì dàgbà tán nínú ọmọ tí ó yá wáyé, ó sì lè fa ìfọ́jú bí a kò bá tètè rí i. Fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí a bí wọn gan-an ni a ń kà. Fún jíjókòó àti rírá, a ń yọ oṣù méjì kúrò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ilé ń béèrè ìdí tí ọmọ oṣù mẹ́fà kò tíì jókòó, mo sọ fún wọn pé oṣù mẹ́rin ni kí wọ́n kà fún un.