Bí A Ṣe Ń Ran Àwọn Àtìpó Ìlú Ńlá Lọ́wọ́: Ọ̀nà Tí Jane Addams Gbà ní Chicago

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ran àwọn àtìpó tó jẹ́ tálákà lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kó ẹrù yín lọ máa gbé láàárín wọn. Ní ọdún 1888, Jane Addams, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ṣe àbẹ̀wò sí Toynbee Hall, ilé ìrànwọ́ kan ní apá ìlà-oòrùn ìlú London, ó sì rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kàwé gboyè ní yunifásítì tí wọ́n ń bá àwọn mẹ̀kúnnù gbé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1889, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ellen Gates Starr, kó wọ ilé àtijọ́ kan ní òpópónà Halsted ní Chicago, èyí tí a wá mọ̀ sí Hull House. Àwọn ará Ítálì, Jámánì, Gíríìsì àti Bohemia (tó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí) ló yí wọn ká, pẹ̀lú àwọn Júù tó wá láti Rọ́ṣíà àti Pólándì. Mo tẹnu mọ́ gbígbé yìí ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé ẹni tó ń wá lọ́sàn-án tó ń padà lálẹ́ kò ní í kọjá aláàánú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń kàn nígbà tí aboyún bá ń rọbí.

Bí ẹ bá ti kó dé, ẹ má ṣe kánjú pín nǹkan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Hull House, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké kan ní súìtì, àwọn ọmọ náà sì kọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe súìtì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, láti aago 7 òwúrọ̀ títí di aago 9 alẹ́, débi pé ojú wọn kò gbà á mọ́. Wọ́n tún dá ilé ìdáná kan sílẹ̀ fún oúnjẹ aṣaralóore olówó pọ́ọ́kú, àmọ́ àwọn ará àdúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀, nítorí pé oúnjẹ tó wù wọ́n ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó se.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù tó wà lọ́rùn àwọn ìyá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí Addams lò níbẹ̀, ó pàdé ọmọ mẹ́ta tó ti di aláàbọ̀ ara torí pé àwọn ìyá wọn ní láti fi wọ́n sílé lọ síbi iṣẹ́: ọ̀kan já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè, iná jó èkejì, ẹ̀yìn ẹ̀kẹta sì tẹ̀ nítorí pé fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìdí rèé tí jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé ìtọ́jú ọmọ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kíláàsì àwòrán àti orin.

Ẹ má sì gba iyì lọ́wọ́ àwọn òbí. Àwọn ọmọ tètè ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a sì máa tijú ìyá tí kò gbọ́. Nítorí èyí ni Addams ṣe ṣí ibi kan ní ọdún 1900 níbi tí àwọn àgbà ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn hàn. Ọmọbìnrin ará Ítálì kan máa ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó wé gèlè bí ará oko. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí àwọn àlejò ń yin bí ìyá náà ṣe ń rànwú, ó sì lọ béèrè lọ́wọ́ Addams bóyá lóòótọ́ ni kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ràn tó o ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ṣe, ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbà wọlé.

Ohun tí agbára yín kò ká, ẹ ka iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e tọ ìjọba lọ. Florence Kelley, tó dé Hull House ní 1891, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀yà àti owó iṣẹ́ àwọn ará àdúgbò sílẹ̀ láti ilé dé ilé, wọ́n sì kùn ún sórí máàpù tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1895. Òfin ọdún 1893 tí wọ́n jà fún ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láyè nínú ilé iṣẹ́, ó sì fi wákàtí 8 sí iṣẹ́ òòjọ́ àwọn obìnrin. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé apá ti wákàtí náà ní 1895, àmọ́ àwọn ará Hull House kò jáwọ́, nígbà tó sì di 1899, Chicago ní kóòtù àwọn ọmọdé, èyí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé nìkan jẹ́ iṣẹ́ yín. Nígbà tí wọn kò kó pàǹtí tán ní wọ́ọ̀dù 19, níbi tí Hull House wà, Addams gba iṣẹ́ wolé-wolé ní 1895, aago 6 òwúrọ̀ ló sì ń jí tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ akódọ̀tí. Ní òpópónà tóóró kan, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan ọ̀nà tí wọ́n ti fi òkúta tẹ́ tẹ́lẹ̀, ó jìn tó ínǹṣì 18 sísàlẹ̀. Àwọn ará Ítálì tó ń gbé ibẹ̀ jáde wá wò ó, ṣùgbọ́n ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Addams rò pé ó lè jẹ́ nítorí pé wọ́n ti ń rí i ní ilẹ̀ Ítálì tí a ń hú odindi ìlú àtijọ́ jáde látinú ilẹ̀.