Ògiri Tó Ń Kéwú: Bí Èmi àti Màámi Ṣe Fẹsẹ̀ Rin Alhambra àti Albaicín

Màámi ló ní ká lọ sí Granada, nílẹ̀ Sípéènì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ álífù, báà, táà sórí wàláà nílé kéwú n'Íbàdàn ni àfáà wọn ti máa ń sọ fún wọn pé àwọn Mùsùlùmí jọba nílẹ̀ òyìnbó rí, pé ààfin wọn ṣì dúró síbẹ̀, àti pé kéwú ló kún ara ògiri rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní London lóṣù kẹrin, mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fẹ́ ká lọ. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra, ààfin tí àfáà wọn ń sọ yẹn, ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó ra ti ọkọ̀ òfuurufú. Iye èèyàn tí wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́ níwọ̀n, tíkẹ́ẹ̀tì sì lè ti tán ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Orúkọ ẹni máa ń wà lára rẹ̀, aago téèyàn máa wọ ààfin àwọn ọba Nasrid, ìdílé Mùsùlùmí tó jọba Granada, náà sì wà níbẹ̀. Bí aago yẹn bá kọjá lórí ẹni, ẹ̀yìn ògiri ló kù kó máa wò. Ti àwọn tó ní afinimọ̀nà la rà: Alhambra láàárọ̀, àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Albaicín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa, torí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ibẹ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mo ṣí báàgì, mi ò rí páásípọ́ọ̀tù Màámi. Orí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì ni mo gbé e sí. Láìsí páásípọ́ọ̀tù, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé, torí wọ́n máa ń fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti ara tíkẹ́ẹ̀tì. Àyà mi já. Afinimọ̀nà wa, obìnrin ará Granada kan tó ṣeé ṣe kó tó ọmọ ogójì ọdún, mú Màámi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wá sọ fún mi pé kí n má dààmú, inú ọgbà la máa kọ́kọ́ lọ, ọgbà ò ní aago. Mo gba takisí lọ, mo gba takisí bọ̀. Nígbà tí mo máa fi dé, àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. "Mama" ló ń pè wọ́n. Àwọn náà ń pè é ní "ọmọ mi", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́.

Generalife ni ọgbà yẹn ń jẹ́. Ẹnu àwọn ará Sípéènì ló yí orúkọ náà padà bẹ́ẹ̀. Jannat al-Arif ni lédè Lárúbáwá. Bí afinimọ̀nà ṣe dárúkọ yìí ni Màámi gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Àṣàkẹ́, ṣó o gbọ́? Àlùjánnà ló ń pè yẹn."

Àlùjánnà náà ni lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu Yorùbá látayébáyé, oníṣàláátù àti aláìṣàláátù. Láti ìgbà yẹn lọ ni Màámi ti ń dẹtí sí orúkọ gbogbo nǹkan tí wọ́n bá fi hàn wá.

Omi ló gbé ibẹ̀ ró. Orí òkè ni Alhambra wà, odò Darro sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, omi kì í sì í dá gun òkè. Ohun tí Muhammad Kìíní, ọba Nasrid àkọ́kọ́, ṣe lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1238 ni pé ó lọ bá odò náà lókè, níbi tó ti ga ju ààfin lọ, ní nǹkan bíi kìlómítà 6 síbẹ̀, ó la ojú omi láti ibẹ̀, ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè títí tó fi wọnú ọgbà. Acequia ni wọ́n ń pe ojú omi bẹ́ẹ̀, sàkíyà ti Lárúbáwá ni. Títí dòní, omi yẹn ṣì ń ṣàn.

Ibi tó wù mí jù nínú ọgbà ni àtẹ̀gùn kan tí igi bò lórí. Bẹ́ẹ bá gbọ́wọ́ lé ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ẹ má bàa ṣubú, inú omi lọwọ́ yín máa bọ́ sí, torí wọ́n gbẹ́ ojú omi sórí ògiri náà látòkè délẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Omi náà tutù, ó ń sáré, ó sì ń dún lábẹ́lẹ̀. Màámi tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fi pa ojú, wọ́n fi pa ọrùn, wọ́n wá dúró síbẹ̀ tí wọn ò sọ nǹkan kan. Mi ò rí àtẹ̀gùn tó ń fún èèyàn lómi bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ibẹ̀ a rìn wọ àárín ibi tó jẹ́ ìlú kékeré nígbà náà. Ògiri ìta pupa, amọ̀ ni wọ́n gún tó le bí òkúta, òun ló sì fún ibẹ̀ ní orúkọ: al-Hamra, èyí tó pupa. Ààfin ńlá onígun mẹ́rin kan wà láàárín tó dá yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, òkúta fàlàlà, agbàlá róbótó nínú. Ọba Charles Karùn-ún ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1527, lẹ́yìn tí àwọn Kristẹni ti gba ìlú. Ó lẹ́wà lọ́tọ̀, àmọ́ Màámi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: "Wọ́n wá kọ́lé sáàárín agbo ilé onílé." A ò pẹ́ níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni aago tiwa. Wọ́n tún wo páásípọ́ọ̀tù, a wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ mọ̀ nìyí: ìwé ni ilé yẹn. Àwọn tó yí wa ká ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ọnà, ọnà náà sì rẹwà dójú àmì. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí wọ́n ń pè ní ọnà yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Táìlì aláwọ̀ mèremère ló wà nísàlẹ̀ ògiri, lókè rẹ̀ ni ẹfun tí wọ́n fín bíi léèsì, láàárín èyí ni kéwú wà, tó ń lọ yí ká yàrá bí ìgbà téèyàn wé gèlè. Gbólóhùn kan wà tó wà níbi gbogbo, lórí ilẹ̀kùn, lábẹ́ àjà, nínú ìràwọ̀, lára òpó. Màámi dúró síwájú ọ̀kan tí kò ga ju orí wọn lọ. Ìlà àwọn láámù àti álífù rẹ̀ gùn sókè tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá ta kókó mọ́ra lókè bí òwú tí wọ́n fi dirun, èyí ló jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ́ nínú afẹ́fẹ́, láti ọ̀tún sí òsì, wọn ò fọwọ́ kàn án, ẹnu wọn ń mì.

"Wa lā ghāliba illā Allāh," ni wọ́n sọ. "Kò sí aṣẹ́gun kan àyàfi Ọlọ́hun."

Afinimọ̀nà yíjú padà. Gbólóhùn tó ti fẹ́ ṣàlàyé fún wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdílé àwọn ọba Nasrid ni, wọ́n sì kọ ọ́ sára ilé wọn ní àìmọye ìgbà. Láti ìgbà yẹn, bí a bá dé yàrá tuntun, Màámi ló máa ń kọ́kọ́ wò.

Ní Agbàlá Arrayanes, adágún omi gígùn kan tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ewéko méjì, ilé ìṣọ́ Comares tó ga tó mítà 45 sì wà nínú rẹ̀ lódìkejì, orí sísàlẹ̀. Inú ilé ìṣọ́ yẹn ni gbọ̀ngàn tí ọba ti ń gba àlejò. Yusuf Kìíní ló kọ́ ọ, ọba tó jẹ láti 1333 sí 1354. Ẹ wọlé tán, kẹ́ẹ gbójú sókè. Ègé igi 8,017 ni wọ́n so pọ̀ di àjà náà, ìràwọ̀ lórí ìràwọ̀, ní ìpele méje. Sánmà méje ni. Kí ó má bàa ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀, wọ́n kọ súrà tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ yí ẹsẹ̀ àjà náà ká: Súratul-Mulk. Ọmọ ilé kéwú wo ni ò mọ Tabáráka? Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́, orí wọn gbé sẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ń kà á láti òkè, ó ga jù fún ojú wọn. Orí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Ọlọ́hun ti dá sánmà méje ní ìpele-ìpele, ohùn wọn já. Ojú èmi náà ò gbẹ.

Ọmọ Yusuf, Muhammad Karùn-ún, ló kọ́ Agbàlá Kìnnìún. Òpó 124 ló yí i ká, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé wọ́n dà bí igi ọ̀pẹ nínú oko. Kìnnìún 12 ló gbé agbada òkúta funfun sẹ́yìn láàárín, omi ń ti ẹnu wọn jáde. Ewì wà létí agbada náà, iṣẹ́ Ibn Zamrak ni. Ó ní omi àti òkúta náà jọra débi pé ẹni tó ń wò ó kò mọ èyí tó ń ṣàn nínú wọn. Mo tẹjú mọ́ etí agbada náà fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ di orúkọ akéwì yìí mú, torí Albaicín ni wọ́n bí i sí, ní òdìkejì àfonífojì, ọmọ tálákà ni. Ìwé ló gbé e dé ààfin.

A sinmi létí omi kan tí wọ́n ń pè ní Partal. Màámi ní kí n bá wọn bi afinimọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni láti ibí yìí dé ilẹ̀ wa rí. Mo rò pé ó máa ní rárá. Ó ní ọmọ Granada kan wà, akéwì ni, al-Sahili lorúkọ rẹ̀, tó pàdé Mansa Musa ọba Mali ní ìrìn-àjò hajj ọdún 1324 tó sì bá a padà lọ. Òun ni wọ́n ń dárúkọ mọ́ kíkọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Djinguereber ní Timbuktu, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1346. Mali! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọpa orúkọ tí àwọn bàbá wa fi ń pe Mùsùlùmí lọ: Ìmàle. Màámi kàn mirí ni, wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ara mi ti sọ fún mi."

Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ ti ìrọ̀lẹ́ láti Plaza Nueva, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Darro. Ọ̀nà náà há. Ilé ìwẹ̀ kan wà níbẹ̀, El Bañuelo, tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá, tí ihò onírìíràwọ̀ wà lórùlé rẹ̀ tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí àgbàlagbà má ṣe fẹsẹ̀ gun òkè tó kù o. Bọ́ọ̀sì kékeré ń lọ, òun ni mo fi Màámi sí pẹ̀lú ara mi, a sì pàdé àwọn yòókù tí afinimọ̀nà ń mú kiri lókè. Ilé tó lọ́gbà lẹ́yìn ògiri gíga pọ̀ níbẹ̀, carmen ni wọ́n ń pè é, òdòdó ló ń yọrí jáde. Ìkùdu àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì mọ lójú náà pọ̀, aljibe, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ wọn wà nígbà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìkùdu yẹn ni afinimọ̀nà ti sọ ìyókù ìtàn fún wa. Lọ́jọ́ kejì oṣù kìíní 1492, ọba ìkẹyìn, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Boabdil, fi ìlú lé Ferdinand àti Isabella lọ́wọ́. Ìwé àdéhùn ní kí àwọn Mùsùlùmí máa ṣe ẹ̀sìn wọn lọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fipá rì wọ́n bọmi, tí wọ́n sì ń sun ìwé Lárúbáwá níta gbangba. Ní 1567, òfin jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èdè náà tàbí kọ ọ́ mọ́. Láti 1609 ni wọ́n ti ń lé ìran wọn kúrò nílẹ̀ Sípéènì pátápátá. Ohun tó dùn mí wọra jù nìyí: ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ka èdè yẹn léèwọ̀ lẹ́nu ọmọ èèyàn, ó wà lára ògiri ààfin lókè lọ́hùn-ún, tí ó ń kà á fún ara rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé gbàgede San Nicolás. Gbogbo Alhambra ló wà níwájú wa, pupa lábẹ́ òkè yìnyín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mọ́ṣáláṣí kan wà tí wọ́n ṣí ní 2003. Ládàánì pèrun. A ṣe àlùwàlá, a kírun Mọ̀gàríbì.

Nígbà tí a jáde, a rí i pé afinimọ̀nà dúró dè wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yòókù ti lọ. Ó sọ pé ní gbogbo ọdún tóun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun mọ ìtumọ̀ gbólóhùn ara ògiri ààfin yẹn, òun mọ ibi tó wà ní gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n òun ò mọ lẹ́tà rẹ̀. Màámi gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí ògiri gbàgede, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Wọ́n kọ wáwù, wọ́n ní kó pè é. Ó pè é. Wọ́n kọ láámù.